Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Orin Bọ̀ọ̀dá

Tọmọdé tàgbà ló mọ àwọn àwo tí ẹgbẹ́ Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ ṣe. Kò sí gìtá, kò sí fèrè. Kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe orin, orin náà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú arọ dìde jó. Nígbà tí òkìkí wọn wọ̀ bí oòrùn, wọn ò dáwọ́ dúró. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, títí àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ fi di òkìtì. Àbúrò Bọ̀ọ̀dá obìnrin gan-an, tó ń ránṣọ, kò dá sí wọn. Ó ní orin tí kò lọ́rọ̀ nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Lọ́dún kan, iṣẹ́ aṣọ ilé ìwé já lé e lórí, ó wá ń wá ohun tí yóò máa gbọ́ bó ṣe ń ránṣọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn àwo Bọ̀ọ̀dá tó kẹ́yìn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

Obìnrin tó ń bá a gán bọ́tìnnì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ṣé orin nìyí àbí ẹ̀rọ ata?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ síwájú, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu aránṣọ. Orin náà ń falẹ̀, ó ń tutù, bí ilé tí wọ́n ń pa iná rẹ̀ láti yàrá kan sí èkejì. Nígbà tó kan àwo tó jáde lọ́dún tí ìyá wọn kú, ó gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ìlù, tó ń lọ sókè, tó ń wálẹ̀. Ó pè é ní atẹ́gùn. Àfi bí atẹ́gùn ṣe wúkọ́.

Ọmọ kì í ṣi ikọ́ ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè.

"Àkọ́bí mi, bá mi bu omi."

Ìlù ń lọ. Kò sí ìró ẹsẹ̀, kò sí ìró ife.

Bẹ́ẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òkú màmá lòun bá nílé.

Ọ̀sán gangan ni aránṣọ kanlẹ̀kùn Bọ̀ọ̀dá. Wáyà ta kókó kiri yàrá bí ìtàkùn. Fóòmù ló fi dí gbogbo fèrèsé. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn láti rí i.

"Àbúrò mi, o ti gbọ́ ọ débẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní òkú màmá lẹ bá."

"Ohùn wọn dára lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí n gbà á sílẹ̀ tán ná."

"Omi ni wọ́n ń bẹ̀ yín fún!"

"Mo gbọ́."

Aránṣọ figbe ta: "Ìyá tó bí wa ni o!" Ó bú sẹ́kún. Bọ̀ọ̀dá kò fà á mọ́ra. Ó dẹ etí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rọra lọ bá bọ́tìnnì kan. Ìgbà náà ni aránṣọ rí iná pupa ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó ti ń tàn lórí tábìlì.

"Tún un sọ," ni Bọ̀ọ̀dá wí, jẹ́jẹ́. "Má tíì nu ojú."

Aránṣọ sáré débi ilẹ̀kùn, ó fi gbogbo agbára fà á kó tó ṣí. Lọ́jọ́ yẹn náà ló kó ẹbí jọ, tó jẹ́ kí wọ́n fi íápíìsì gbọ́ ohùn ìyá nínú àwo náà. Àbúrò bàbá wọn, olórí ẹbí, yọ íápíìsì náà létí, ó jù ú sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹbí kankan ò dé ilé Bọ̀ọ̀dá mọ́.

Àwo tuntun ti jáde lẹ́yìn èyí. Aránṣọ ò tíì gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á mọ ẹni tó ń sunkún nínú rẹ̀.