Yàrá Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Wọ́n kọ̀wé padà sí Monílọ́lá pé ṣé inú kànga ló ti kọrin ni. Kò sí ìgbà tó ka ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù tí ojú kì í tì í. Ẹgbẹ́ akọrin ńlá kan ní Ìbàdàn ni wọ́n, tí wọ́n ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa lé orin fún wọn, tí yóò sì máa gba owó oṣù. Ohùn rẹ̀ wù wọ́n. Yàrá tó ti kọ ọ́ ló bà á jẹ́. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi orin mẹ́ta mìíràn ránṣẹ́.

Yàrá náà wà nílé ìyá rẹ̀ ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́. Sìmẹ́ńtì lásán ni ògiri rẹ̀, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kì í sì í pa dé tán. Bí èèyàn bá wúkọ́ níbẹ̀, ikọ́ náà á lọ lu ògiri, á tún padà wá bá a. Bọ̀dá Adélaní, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ògiri yìí mọ orin í gbè ju àwọn akọrin àwọn lọ. Ó ṣàlàyé fún un pé fóòmù tí àwọn olórin ń lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, pé kíréètì ẹyin tí gbogbo èèyàn ń kó jọ kò sì wúlò. Ohun tó nípọn, tó wúwo, ló ń mu ohùn. Aṣọ òtútù, àkísà, àpò. Kó kó wọn sí iwájú àti ẹ̀yìn ibi tó bá dúró sí, kó sì fi bo fèrèsé.

Àpò ni Monílọ́lá gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ fi lọ sí Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Akínsànyà, ti fi ogún ọdún ra kòkó ní Òdòjọ̀mù, àpò òfìfo sì kún ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bàbá gbọ́ ohun tó bá wá, ó ní kó kó èyí tó bá fẹ́ nínú ìyẹ̀wù ìta.

"Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìyẹ̀wù inú, má fọwọ́ kàn án o. Àwọn yẹn ti bá oògùn gbé."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó yẹ kó béèrè irú oògùn wo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í lè wo àgbà lójú ni. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó tán náà nìyẹn. Nígbà tó dé ìyẹ̀wù ìta, àpò mẹ́jọ péré ló bá tí eku kò tíì jẹ. Ogún ló ń fẹ́. Bàbá ti sùn lọ lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò fẹ́ jí i, ojú sì ń tì í láti tún bẹ̀bẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù inú. Àpò tó wà níbẹ̀ nípọn, ó wúwo, ó ń rùn díẹ̀ bíi kẹrosíìnì tó ti pẹ́. Ó ní ṣebí oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó náà nìyẹn, kí ni oòrùn kò lè pa? Gbogbo ohun tó bá ń rùn nílé wọn, èlùbọ́ tó ti ń bu, ìrọ̀rí tí ọmọ tọ̀ sí, oòrùn ni ìyá rẹ̀ ń sá a sí. Ó ká méjìlá mọ́ àárín mẹ́jọ tí Bàbá fún un.

Nígbà tó délé, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ki àkísà sínú wọn, ó sì fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ògiri. Ìyá rẹ̀, Agnes, yọjú, ó fọwọ́ di imú, ó béèrè ibi tí ẹrù olóòórùn yìí ti wá. Ó ní Bàbá ló kó o fún òun.

Nígbà tí Monílọ́lá wá pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà kú síbi tó ti ṣẹ̀. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Kò gbọ́ ẹ̀rọ ata tó wà lójúde mọ́, kò gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bo ayé lẹ́nu. Orin kìíní tó kọ sí fóònù mọ́ débi pé ó ń gbọ́ bí ètè òun ṣe ń pàdé. Adélaní gbọ́ ọ, kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó ní Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ́nlé kan nà gbalaja sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde. Òkú eṣinṣin ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aáyán mẹ́ta tí wọ́n dojú sókè, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbọ̀n. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé aáyán ń kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há ní àárọ̀, àfi kó mu omi gbígbóná kó tó là. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní eruku àkísà ni. Orin kejì tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí ọjọ́ tí wọ́n dá ku ọ̀la, ooru mú gan-an. Ó ti ilẹ̀kùn pa láti inú, ó ká aṣọ òtútù sí abẹ́ rẹ̀, ó tẹ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kejì ni òòyì kọ́ ọ. Ó rò pé ebi ni. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n láìjẹ́ pé òun ló ní kí wọ́n gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ó ké pe ìyá rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ fèrèsé, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i.

"Màámi!"

Àpò gbé e mì. Ó tún pè é. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó jáde, tí kò sì lọ síbì kankan. Ìgbà yẹn ló yé e pé ohun tí òun ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ méjì lòun rí yìí. Ilẹ̀kùn jìnnà. Ó nawọ́ mú ìdí àpò tó bo fèrèsé, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó fi gbogbo ara fà á. Ìṣó kan já, èkejì já, àpò wó lé e lórí, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ẹ̀rọ ata sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó wó. Òun àti àwọn ará ilé kejì ló jálẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Bàbá Akínsànyà wá láti Oǹdó, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì burú. Ó sọ fún Agnes pé kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkó mẹ́ta ló jò sórí àpò wọ̀nyẹn, pé òun fẹ́ rì wọ́n mọ́lẹ̀, òun kàn ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la ni.

"Mo ní kó má fọwọ́ kàn án," ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ rojọ́. "Mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún un."

Dókítà ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n yóò dáwọ́ dúró. Ti ohùn, ó ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná. Bí Monílọ́lá bá sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pákó nílẹ̀ ló ń dún. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá. Adélaní ti bá a fi orin méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn ní ó dára gan-an, ẹ̀kẹta dà?

Monílọ́lá mú fóònù, ó fi íápíìsì sí etí. Kò sẹ́ni tó rántí pa fóònù náà lọ́jọ́ tó ṣubú, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀ lọ. Ẹsẹ kìíní wà níbẹ̀. Ẹsẹ kejì já lójijì, ìró ara tó ṣubú tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ohùn kan ké pe Màámi lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ́ roro, kò sí ògiri kankan nínú rẹ̀. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́.

Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tó ń gbọ́. Ó yọ íápíìsì kan, ó fi sí ìyá rẹ̀ létí, kó lè gbọ́ pé òun pè é.