Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

“Nínú àwòrán kejì,” Tíṣà Adérógbà ń wí, “Jọkẹ́ ti gbé bàtà ọkọ rẹ̀ kan, ó ń fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.”

“Ọkọ wá ńkọ́?” Mùkáílà télọ̀ bi í. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ariwo má baà dí i létí.

“Ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ agbádá, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń wá èkejì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, bí ọkọ̀ Ìbàdàn bá ti já ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà, iwájú ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà ni àwọn tí kò mọ̀wé kà máa ń jókòó sí, Tíṣà á sì kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn ni wọ́n máa ń dúró dè. Fọlábí, àbúrò ìyàwó Tíṣà, ló ń yà á. Ilé Tíṣà ló ti dàgbà, ẹfun ìkọ̀wé Tíṣà ló sì kọ́kọ́ fi ya ewúrẹ́ sára ògiri.

“Kí ni Jọkẹ́ wí?” Màmá Mùínàt béèrè. Ẹ̀gúsí ló ń bó sínú igbá.

Tíṣà gbé ojú lé ọ̀rọ̀ ẹnu Jọkẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ti kà á jáde kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. “‘Bí ọ̀kan bá dúró tì mí, èkejì á padà wá.’”

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Adétóyìn ìyàwó rẹ̀ ni.

Oṣù méje ni Adétóyìn fi dùbúlẹ̀ kí ó tó kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí agbára kankan níbẹ̀. Láràárọ̀, kí Tíṣà tó wẹ̀ tán, Adétóyìn á ti na ọwọ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á so bàtà dúdú ẹsẹ̀ òsì mọ́ irin, kí ọkọ rẹ̀ má baà lọ sí ilé ìwé láìkọ́kọ́ wá jókòó ti òun. Bí Tíṣà bá ń tú okùn náà, ìyàwó rẹ̀ á ní kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀, á sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni mẹ́ta ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Ìkẹta ni Fọlábí, tó máa ń ti Ìbàdàn wá jókòó tì í ní Sátidé.

“Obìnrin òjòwú,” Mùkáílà wí. “Bó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ náà ni yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀.”

“Níbo ni ọkọ ń lọ nínú agbádá láàárọ̀?” Màmá Mùínàt dá a lóhùn. “Ṣé oko ni? Jọkẹ́ so ó dáadáa. Ká ní mo ti mọ ọgbọ́n yìí nígbà tí bàbá Mùínàt ń lọ sí Èrúwà lójoojúmọ́.”

“Okùn wo ló máa mú bàbá Mùínàt? Ìyẹn á lọ láìwọ bàtà.”

“Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ṣòkòtò tìrẹ gan-an ló yẹ kí wọ́n so.” Ó yíjú sí Tíṣà. “Ẹ parí ẹ̀ fún wa, Tíṣà.”

“Tàdáwà ti ba ibẹ̀ jẹ́,” Tíṣà wí, ó sì ká ìwé náà. Kò purọ́ fún wọn rí nídìí ìwé kíkà.

Ní Sátidé, Fọlábí dé pẹ̀lú búrẹ́dì bí ìṣe rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó.

“Bùrọ̀dá, mo gbọ́ pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà.”

“Wọ́n rẹ́rìn-ín.”

“Lẹ́tà ń wọlé lórí Jọkẹ́ bí òjò. Àwọn kan ní kí ọkọ kọ̀ ọ́, àwọn kan ní òun ló mọ ọkọ ọ́ tọ́jú. Olóòtú wa ní òun ò rírú ẹ̀ rí.”

“Fọlábí. Ǹjẹ́ àǹtí rẹ jowú mi rí?”

Fọlábí rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀. “Rárá, sà.”

“Kí ló dé tí Jọkẹ́ ń jowú?”

“Lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ yà á sí, bó ṣe wà gan-an. Nígbà tí mo wò ó, ẹkún ni. Kò sẹ́ni tó ń fi aláìsàn rẹ́rìn-ín, Bùrọ̀dá. Ni mo bá fún un lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kó máa rìn níbì kan.”

“O fún un lẹ́sẹ̀,” Tíṣà wí, “o wá gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni.”

“Èmi mọ̀. Pásítọ̀ tó sin ín, n kò sọ ọ́ fún un. O wá jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi kà á fún wọn.”

Fọlábí tún dọ̀bálẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n dá a dúró, sà.”

“Kí lo fẹ́ dá dúró? Ó ti dé ilé gbogbo èèyàn.”

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Fọlábí fi lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Tíṣà kò sìn ín dé gáréèjì.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́tà àwọn òǹkàwé kún ojú ewé kan. Tíṣà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ kan ní Igangan ní irú Jọkẹ́ ló ń lé ọkọ jáde nílé. Obìnrin kan ní Ìdèrè ní bàtà méjèèjì ló yẹ kó so. Bí ó ti ń kà ni iwájú ṣọ́ọ̀bù ń pín sí méjì.

“Tíṣà,” Mùkáílà wí, “ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò tíì dá sí i. Ta ló jàre?”

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹni tó ya àwòrán náà kò yà á bó ṣe rí,” ó wí. “Ẹsẹ̀ obìnrin náà ló rọ. Oṣù méje ni kò fi dìde. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó ń lọ ju ilé ìwé lọ. Obìnrin náà kò jowú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè kú kí ọkọ òun tó dé.”

Ọwọ́ Màmá Mùínàt dúró nínú igbá ẹ̀gúsí. Ó wo ẹsẹ̀ Tíṣà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, sálúbàtà ló ń wọ̀, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn sì ti rò pé ọ̀fọ̀ lásán ni.

“Ṣé ó padà dé bá a?” ó béèrè.

“Rárá,” Tíṣà wí. “Ní Ọjọ́bọ̀ tí obìnrin náà kú, mo tú okùn náà. Mo wọ méjèèjì lọ.”

Mùkáílà na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò rán an.

Tíṣà yọ ojú ewé ìkẹyìn kúrò láìwò ó, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sí àpò. “Èyí kò sí lára ohun tí màá máa kà mọ́,” ó wí. “Ìròyìn kan wà níbí lórí ajílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn àgbẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó béèrè àwòrán.

“Ẹ kà á, Tíṣà,” Màmá Mùínàt wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “À ń gbọ́.”

Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.