Agolo Abẹ́ Ibùsùn

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, inú Oyèbọ̀dé dùn púpọ̀. Ìdùnnú yẹn gan-an ló sì wá dùn ún jù lẹ́yìn náà. Lucy, ìyàwó rẹ̀, ti lọ kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ìkàrẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Oyèbọ̀dé ń wá sálúbàtà lábẹ́ ibùsùn nínú ilé wọn ní Ọ̀kà ni agolo bísíkíìtì Lucy gbá a ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, bó ṣe ti ń gbá a láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó jókòó, ó di ẹsẹ̀ mú, ó sì wo agolo náà tìbínú-tìbínú.

Kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀? Nọ́ọ̀tì tí kò ní bóòtì, bóòtì tí kò ní nọ́ọ̀tì, ìdérí ìkòkò tíì kan tó ti fọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìlú Afin, kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Lucy kì í rí nọ́ọ̀tì lójú títì kó kọjá. Á bẹ̀rẹ̀, á fi etí ìró nù ún, á sì mú un bọ̀ wálé bí ẹni he ọmọ.

"Ìyá Mọ́júbọ́lá," Oyèbọ̀dé á ní, "ṣé ilé ìwòsàn irin ni ilé wa ni?"

"Tíṣà," Lucy á fèsì, "tí ọmọ bá féèlì, ṣé orí ààtàn lẹ máa ń jù ú sí ni, àbí ẹ máa ń ní kó tún kíláàsì ṣe?"

Ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Badmus tó máa ń ti Ìkàrẹ́ wá ra irin àlòkù ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kọjá, ó ń ké, "Irin àlòkù! Páànù jíjò! Bátìrì tó ti kú!" Oyèbọ̀dé gbé agolo náà jáde tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Gbé e lọ kí ìyá onínǹkan tó dé."

Badmus rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa rojọ́ ara yín o. Ẹ má ní èmi ni."

Oyèbọ̀dé padà sí yàrá, ó ń súfèé. Ó ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí Lucy bá béèrè agolo, á ní, "Ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n féèlì. Wọ́n ti kúrò nílé ìwé."

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Ọlálẹ́yẹ, àbúrò Lucy, fi wọlé. Ọlálẹ́yẹ kì í wọlé wọn láìdápàárá. "Tíṣà àgbà, ṣé ẹ ṣì ń na ewúrẹ́ àdúgbò nítorí pé wọ́n pẹ́ dé?" ni ìkíni rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde. Oyèbọ̀dé ní kó jókòó, kó mumi. Kò jókòó. Ó na aṣọ ìnujú kan tí wọ́n ká jọ sí i. Nígbà tí Oyèbọ̀dé tú u, òrùka ìgbéyàwó Lucy ló bá níbẹ̀.

"Wọ́n jí, wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú wa," Ọlálẹ́yẹ ní. "Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. A ò tíì gbé wọn dé ọsibítù..."

Kò lè parí rẹ̀. Kò sì sí ohun tó kù láti parí.

Wọ́n sin Lucy. Mọ́júbọ́lá, ọmọ wọn, wá láti Àkúrẹ́. Ó sunkún, ó gbálẹ̀, ó se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé wá dákẹ́. Oyèbọ̀dé á jí, á sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbá nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lucy lọ láìmọ̀ pé ọkọ òun ti kó ẹrù òun dànù. Kò sí ẹni tó máa bínú sí i, kò sì sí ẹni tó máa dárí jì í. Èsì tó tò sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àsàmáù tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata nísàlẹ̀ àdúgbò wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìrójú, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò tó nǹkan, ojú tilẹ̀ ń tì mí. Nọ́ọ̀tì tó di ẹnu ẹ̀rọ mi mú, eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Wáyà ni mo fi so ó. Tí mo bá ti tan ẹ̀rọ, ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ata ń ta sí àwọn oníbàárà lójú."

"Kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn, Àsàmáù?"

"Màmá ni. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lọ Ìkàrẹ́. Wọ́n ní ìka òrùka àwọn àti bóòtì mi, ìwọ̀n kan náà ni. Wọ́n ní irú nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú agolo, pé táwọn bá dé, àwọn á mú un wá fún mi." Àsàmáù wolẹ̀. "Àwọn náà ló fún mi nígbà tó bọ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ló fún kápẹ́ńtà ẹ̀yìnkùlé yín ní bóòtì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Kò mọ̀. Lábẹ́ òrùlé kan náà láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò mọ̀ pé agolo tí òun ń bú ló ń gbọ́ bùkátà àdúgbò. Ó fẹ́ sọ pé agolo ti lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Fún mi di ọ̀la."

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ràn, ó ti wọ ọkọ̀ Ìkàrẹ́. Ó bá Badmus láàárín òkìtì irin lẹ́yìn oríta Jùbílì.

"Ẹ kú àfẹ́kù, Tíṣà. Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ wọn."

"Àmín. Badmus, agolo yẹn ni mo bá wá."

Badmus ya ẹnu. "Tíṣà, omi tí ẹ dà sódò lẹ fẹ́ padà bù yìí. A ti tú u. Idẹ ti lọ bá idẹ, irin ti lọ bá irin." Ó yíjú sílé. "Safurat! Agolo tó o fi ń kó àlùbọ́sà dà?"

Safurat, ìyàwó rẹ̀, da àlùbọ́sà sílẹ̀, ó fọ agolo, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Tíṣà. Oyèbọ̀dé mọ ibi tó tẹ̀ lórí ìdérí, níbi tí Mọ́júbọ́lá ti gùn ún nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

"Kí lẹ ń wá nínú ẹ̀ gan-an?" Badmus béèrè.

"Nọ́ọ̀tì kan."

"Irú èwo? Nọ́ọ̀tì pọ̀ níbí bíi yanrìn."

Ìṣirò àti Bíbélì ni Oyèbọ̀dé fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ. Kò mọ nọ́ńbà nọ́ọ̀tì kankan. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé òrùka sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìwọ̀n yìí."

Badmus ti la ẹnu láti ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa á dé. Ó lọ gbé àpótí wá, ó fi í jókòó ti òkìtì nọ́ọ̀tì, ó sì fi í sílẹ̀.

Oyèbọ̀dé ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé òrùka lé ihò wọn. Èyí tóbi. Èyí kéré. Ó rántí ọjọ́ tó fi òrùka náà sí Lucy lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Afin. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó gbé ìyàwó wá ti bọ́ lọ́nà, Lucy sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, tòun ti aṣọ funfun. Nígbà tí Oyèbọ̀dé di ọwọ́ náà mú níwájú pẹpẹ, gírísì ló kún un. "Tíṣà," Lucy sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ojú mi ni kẹ́ ẹ wò."

Nígbà tó di ọ̀sán, mẹ́ta ló bá òrùka mu. Kò mọ̀ bóyá ti Lucy wà nínú wọn. Ó yẹ̀ wọ́n wò títí, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tó wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà. Irin kò sọ ilé tó ti wá.

Lọ́dọ̀ Àsàmáù, nọ́ọ̀tì kìíní kọ̀, èkejì há. Ẹ̀kẹta wọlé wẹ́rẹ́. Àsàmáù fi sípánà dì í, ó tan ẹ̀rọ. Kò gbọ̀n mọ́.

"Màmá ò parọ́!" Àsàmáù pariwo, omijé wà lójú rẹ̀. Ó he ògbólógbòó nọ́ọ̀tì nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti jù ú sí gọ́tà.

"Má sọ ọ́ nù. Fún mi."

"Háà, Tíṣà! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Eyín ẹ̀ ti tán."

"Á tún kíláàsì ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àsàmáù, ṣùgbọ́n ó fún un.

Nígbà tó délé, Oyèbọ̀dé fi etí aṣọ rẹ̀ nu nọ́ọ̀tì náà títí ó fi dán díẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú agolo mọ́ méjì yòókù, ó dé e. Ó kúnlẹ̀, ó tì í sábẹ́ ibùsùn títí ó fi kan ògiri. Lẹ́yìn náà ó fà á padà síta díẹ̀díẹ̀, dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbá a láàárọ̀.