Ọ̀rá Orí Ìjókòó

Màmá mi ní òun á gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìrìn náà bá rọ òun lọ́rùn, òun á bá wa gbé nílé wa ní ìlú Plovdiv títí òtútù á fi lọ. Bí kò bá rọ òun lọ́rùn, ká yí mọ́tò padà, ká dá òun padà sílé òun lórí òkè. Sítóòfù igi kan ṣoṣo ló ń mú ilé yẹn gbóná, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò lè gbé igi mọ́. Bó bá padà, mo mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀ nígbà tí yìnyín bá yọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ mọ́tò.

Mọ́tò náà kékeré ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Stamen, ọkọ mi, rà á ní tuntun nígbà tí òtútù tó kọjá parí. A ò ra mọ́tò tuntun rí láyé wa. Ẹni tó tà á fún wa ní mọ́tò náà ń gbá ènìyàn mọ́ra. Mọ́tò kì í gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra. Mo bi í bóyá ìjókòó ẹ̀yìn ṣeé tẹ̀ lulẹ̀, mo bi í bóyá ẹni tí ìbàdí ń dùn lè wọlé láìtẹ̀ ba. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Ó tún ní ìjókòó iwájú lè móoru fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Àmọ́ Stamen ò yọ ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó láti ilé-iṣẹ́ kúrò lára ìjókòó. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ṣì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Àga pálọ̀ ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀rá títí ìyá náà fi kú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Èmi náà ò ní kó yọ ọ́.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ti wọ ẹ̀wù òtútù, ó jókòó lórí àgbá kábéèjì oníyọ̀. Ìgò ata àti tòmátò tó ti sè tò yí i ká.

"Màmá, kí ni gbogbo èyí?" Stamen bi í.

"Oúnjẹ ìgbà òtútù ni. Ṣé lọ́wọ́ òfo ni kí n wá jẹun nílé yín?"

"Wọ́n ń ta kábéèjì ní Plovdiv, Màmá."

"Ṣé wọ́n ń ta ìyá ìyàwó náà níbẹ̀? Lọ ra ọ̀kan, kó o fi mí sílẹ̀."

Stamen wò mí. Mi ò wò ó. A tẹ apá kan ìjókòó ẹ̀yìn lulẹ̀, a gbé àgbá síbẹ̀. A fi aṣọ ibùsùn wé àwọn ìgò, a kó wọn sí búùtù. Èmi há ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá. Màmá yí ìdí díẹ̀, ó sì jókòó síwájú. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i.

Kọ́ọ̀nà lórí kọ́ọ̀nà ni ọ̀nà òkè yẹn. Ní kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́, Màmá yọ̀ lórí ọ̀rá lọ sápá ilẹ̀kùn. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó yọ̀ padà sápá Stamen. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló sì ń gba gbogbo agbára ẹ̀. Stamen tẹ bọ́tìnnì kí ìjókòó lè móoru. Ọ̀rá náà gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

"Stamen, ṣé o fẹ́ sè mí ni?"

"Ó máa tó rọ̀ yín lọ́rùn, Màmá."

Kọ́ọ̀nà mìíràn dé. Màmá kígbe kékeré kan, irú èyí tí ènìyàn máa ń gbé mì. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́, "Yí i padà."

"Màmá..."

"Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo sọ. A ti gbìyànjú. Yí i padà, ọmọ mi. Mi ò bínú."

Stamen fa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó lè yí i. Ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ òru ló ti wá tààrà láàárọ̀ yẹn, kò tíì sùn.

"Màmá, ọ̀bẹ yín dà?" ni mo wí.

Màmá kì í rìn láìmú ọ̀bẹ búrẹ́dì. Ó yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Zdravka, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Stamen pariwo.

"Bọ́ sílẹ̀, wá di Màmá mú."

"Mọ́tò tuntun ni! Bí a bá fẹ́ tà á lọ́la ńkọ́?"

"Ta la ń tọ́jú ìjókòó yìí dè, Stamen? Ṣé o rí àlejò mìíràn tó ń bọ̀?"

Stamen bọ́ sílẹ̀. Ó gbé Màmá dúró, mo gé ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fà á ya. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ nípọn, àwọ̀ eérú ni, kò tíì sí ìdí tó kàn án rí. Màmá jókòó. Ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn. Aṣọ dì í mú.

"Hẹn," ló wí. Ó wẹ̀yìn. "Ẹ má ju ọ̀rá yẹn nù. Ẹ fi bo àgbá, omi kábéèjì ti ń ta jáde."

Mo fi bò ó, mo fi okùn so ó. A ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tí Màmá fi sùn lọ, ẹnu là sílẹ̀, ìjókòó ń móoru lábẹ́ ìbàdí rẹ̀.

Stamen ń wa mọ́tò lọ. Ọ̀rá tirẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí ìdí. Níbi tí a ti yà ra epo, ó pa mọ́tò, ó fi iwájú orí lé sítíárì.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ó ní. "Látìgbà tí a ti rà á."

"Mo mọ̀."

Ó bọ́ sílẹ̀ sínú òtútù, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

"Gé tèmi náà," ó ní. "Rọra o, má jí Màmá."