Fáànù Tí Mo Nù

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá rèé, nílé iṣẹ́ alájà mẹ́rin kan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Kì í ṣe pé mò ń fi ṣe àwáwí o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ọwọ́ tó kan nǹkan yẹn ni.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé. Ó máa ń yàwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ó sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Kò ra odindi. Ó ní òun máa tò ó fúnra òun. Oṣù mẹ́ta ni páálí fi ń wọlé, tó ń jókòó sórí tábìlì ìjẹun. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà nìkan ni kò bá páálí wá. Olójú Mẹ́rin ló fún un, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ara kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àtijọ́ ló ti yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, mò ń nu tábìlì. Páálí kan ṣí sílẹ̀. Fáànù kékeré wà nínú rẹ̀, èyí tó máa jókòó lórí ọpọlọ yẹn kó má baà gbóná. Mo yí i padà. Irin ni abẹ́ rẹ̀, nǹkan aláwọ̀ eérú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fà mọ́ ìka bí ìpara. Mo ní, ẹ wo ìdọ̀tí lára nǹkan tuntun. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí mo fi rí eyín ara mi nínú irin náà. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn.

Ọmọ mi tò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó tàn. A pàtẹ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú. Ó tún tàn án, ó tún kú. Ó ní ìgbóná rẹ̀ ti wọ ọgọ́rùn-ún. Ó di síkúrù le. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé fáànù onídùúró wá síwájú rẹ̀ bíi pé aláìsàn ni. Pàbó.

Mo rọra bi í pé, "Ṣé kì í ṣe fáànù kékeré yẹn?"

"Màmá, fáànù ń yí, ẹ ò rí i ni? Gírísì tó ń gba ìgbóná lára ọpọlọ sì wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é wá."

Gírísì. Ohun tí mo nù kúrò lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo kó abọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo fọ ṣòkòtò rẹ̀ tòun ti fóònù nínú àpò. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́." Ilé ọmọ ẹni, kì í ṣe ilé ẹni. Ẹni tó ń gbébẹ̀ a máa wo ibi tó ń fẹsẹ̀ sí.

"Olójú Mẹ́rin ló ṣe mí," ni ọmọ mi wí. "Ọpọlọ tó ti jóná ló gbé fún mi." Ó pè é lórí fóònù níṣojú mi. "Ojú mẹ́rin, kò ríran! Tó bá di ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ́fíìsì ló máa gbọ́ pé oníjìbìtì ni ẹ́."

Mo gbọ́. Mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin náà dé tòun ti àpò irinṣẹ́. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló pa mí. Ó yọ ike pẹlẹbẹ kan jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú rẹ̀.

"Èyí tí mò ń lò lọ́wọ́ ni mo yọ wá. Gbà á. Ṣáà má bà mí lórúkọ jẹ́ níbi iṣẹ́."

"Kí ni ìwọ á wá máa fi ṣiṣẹ́?"

"Pẹ́ńsù."

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tú síkúrù, ó gbé fáànù náà sókè, ó yí i padà. Ó gbé e súnmọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo irin tó ń dán. Ó wo aṣọ ìnulẹ̀ ọwọ́ mi. Ó wò mí, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Gírísì ò sí níbí," ó ní. "Ó... ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ kí o yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀bi mi ni."

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹ̀bi ẹ ni!"

Mo sì jẹ́ kó rù ú. Ó wá gírísì nínú àpò rẹ̀, ó kán an tó hóró ẹ̀wà kan sórí ọpọlọ àkọ́kọ́, ó de fáànù padà. Wọ́n tàn án. Wákàtí kan kọjá, ìgbóná ò ju márùndínláàádọ́ta lọ. Ó di irinṣẹ́ rẹ̀, ọmọ mi ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀ sí i pé kó lọ ra ojú karùn-ún.

"Èmi ni," ni mo wí. Ohùn mi kéré. "Èmi ni mo nù ún, lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Màmá, ẹ sì ń gbọ́ nígbà tí mò ń bú u?"

"Mo ń gbọ́."

"Látàná?"

"Látàná."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́: "Má bínú. Mo bú ẹ lásán."

"Ó ti tán," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Èmi náà ti fi ọṣẹ fọ kíbọ́ọ̀dù rí."

Ọmọ mi fa àga fún un. Mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n dúró. Mo sún díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ," ó ní, láìwojú mi.

Ṣùgbọ́n kò ní kí n jókòó.