Omi fún Alùpùpù Pásítọ̀

Ìtọ́jú ló fẹ́ pa alùpùpù Pásítọ̀ Akínwándé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ létí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, wọn yóò rò pé onítọ̀hún ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé irin tí a kò bá tọ́jú ní í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ti rò ó títí, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òyìnbó oníwàásù kan ló kọ́kọ́ gun alùpùpù náà káàkiri àwọn abà kí ó tó padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gùn, ó wúwo, àpótí irin méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìwé orin àti aṣọ. Nígbà tí ó fi máa kan Pásítọ̀ ní Mọ́níyà, irú rẹ̀ ti wọ́n lójú títì. Ní Sátidé, Pásítọ̀ a bọ́ ẹ̀wù, a yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, a fi aṣọ funfun sẹ́ pẹtiróòlù kí ó tó dà á sínú táǹkì, a sì fa ṣéènì wò bóyá ó ti dẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ àgbà gbé òun padà sílé gbọ́dọ̀ mọ ìró rẹ̀ bí ó ti mọ ohùn ìyàwó rẹ̀.

Ìdí tí ó fi ń ṣe gbogbo èyí kò farasin. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn àgbà ìjọ ti sọ fún un pé àwọn kò ní ra òmíràn. Ọjọ́ tí èyí bá kọṣẹ́, wọn yóò ti ilé ìjọ tó wà ní Abà Olókùúta, lẹ́yìn Ìrókò, kí àwọn ará ibẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìrókò. Pásítọ̀ mọ àwọn tí kò lè rìn ín láàárín wọn. Nítorí náà, bí alùpùpù bá wà, ìjọ wà.

Ní abà náà, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé ni wọ́n ń fún lómi. Pásítọ̀ àti alùpùpù jọ máa ń dé ni, nítorí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fún. Bí Pásítọ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán, Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, yóò gbé ìkòkò omi jáde. Àwọn obìnrin yòókù á tẹ̀lé e pẹ̀lú kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú, wọn a sì wẹ alùpùpù náà títí yóò fi máa dán. Bí ọyẹ́ bá dé tí odò ìtòsí gbẹ, wọn a rìn lọ sí èyí tó jìnnà. Inú ilé ìjọ ni Pásítọ̀ máa ń wà, tí yóò máa gbọ́ bí omi ti ń dà lu irin níta, tí orin kò ní wọ̀ ọ́ lára.

Sàníù, mẹkáníìkì tó ń bá Pásítọ̀ tún alùpùpù náà ṣe ní Mọ́níyà, tú táyà iwájú lọ́jọ́ kan. Gíríìsì inú rẹ̀ ti funfun bí ògì. Ibi tí iná ti ń jáde lọ sí púlọ́ọ̀gì náà ti rin.

“Pásítọ̀, àgbò iléyá ni ẹ fi ṣe ni?” Sàníù bi í. “Ẹ ń wẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí yóò pa á.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, Sàníù sọ pé ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn mọ́, àti pé bí omi bá tún wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun kò ní lè ṣèlérí kankan.

Pásítọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ó bá ta tapólì bò ó, wọn yóò ṣí i. Bí ó bá ní òun ti wẹ̀ ẹ́ láti ilé, irọ́ ni, eruku ọ̀nà yóò sì tú u fó. Ó parí rẹ̀ sí pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ tó fún àwọn tó fẹ́ràn òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ ṣì dúró níta nígbà tí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá gbé ìkòkò dé. Pásítọ̀ na ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

“Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ má da omi sí i mọ́.”

Ó wá ṣe àlàyé. Ó sọ bí omi ti ń wọ inú táyà, bí gíríìsì ti ń bàjẹ́, àti bí iná ẹ̀rọ ti ń kú. Àlàyé náà pé, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó nà sókè ni àwọn ènìyàn rí. Ìyá dúró pẹ̀lú ìkòkò lórí títí Pásítọ̀ fi sọ̀rọ̀ tán, ó yí padà, ó sì rọra da omi náà sídìí igi ọsàn kan. Kò wọlé fún ìsìn.

Ní alẹ́, Pásítọ̀ ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, Àrínọlá, pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Àrínọlá ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Bàbá Títí, omi ta ni ẹ kọ̀?”

Nígbà náà ni Pásítọ̀ rántí. Ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ìgbóná eèyí pa ọmọ-ọmọ Ìyá Gbọ́njúbọ́lá méjì. Ilé kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Kò sí ẹni tó pè é ní àjẹ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó níwájú ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó béèrè omi, tó sì mu ún lójú gbogbo abà. Láti ìgbà náà ni ìyá náà ti ń wẹ alùpùpù. Wíwẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀: bí Pásítọ̀ bá ṣì ń gba omi rẹ̀, ta ni yóò tún bẹ̀rù rẹ̀?

“Mo ṣàlàyé fún wọn,” ni Pásítọ̀ wí.

“Ẹ ṣàlàyé,” ni Àrínọlá dáhùn, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Nígbà tí Pásítọ̀ tún dé abà, kò sí ẹni tó gbé omi jáde. Àyè Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ṣófo láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ní ẹ̀kọ tó ń tà ń kan mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ìyá sì ń pe ọmọ wọn kúrò bí ó bá ń kọjá. Pásítọ̀ gun orí àga ìwàásù, ó tún ọ̀rọ̀ gíríìsì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ó ti ń ṣàlàyé sí i ni wọ́n ń fura sí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, nítorí lójú tiwọn, ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi lásán.

Lẹ́yìn ìsìn, kò tan ẹ́ńjìnnì, ó ti alùpùpù gba àárín abà kọjá kí gbogbo ènìyàn lè rí i, títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Ìyá ń di ẹrù. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin òun ní Ìyànà Ọ̀fà.

“Ìyá, mo mú un wá,” ni Pásítọ̀ wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́.”

Ìyá wo alùpùpù náà, ó wo erùpẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀. Ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara rẹ̀ tutù, ó kún dé ẹnu.

“Kò sí omi nílé, Pásítọ̀.”

Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fi alùpùpù gbé e dé Ìrókò, níbi tí yóò ti rí ọkọ̀ wọ̀. Ìyá ní ẹsẹ̀ òun kò tíì kọṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì fún ẹni tí yóò gbé e ru òun. Àwọn ènìyàn jókòó níwájú ilé wọn, wọn kò dìde. Pásítọ̀ ló gbé e rù ú.

“Kó pẹ́ fún yín,” ni ìyá náà wí, ó tún wo alùpùpù náà, ó sì bọ́ sọ́nà.

Pásítọ̀ dúró títí kò fi rí i mọ́. Nígbà tí ó ta ẹ̀rọ náà nípàá, ẹ̀ẹ̀kan náà ló dáhùn, ìró rẹ̀ mọ́, ó gbẹ, kò sí omi kankan nínú rẹ̀.