Ìwé tí Dúrósinmí Fọwọ́ Sí

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìyádùnní kò fi bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí.

Fọ́tò kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ìyádùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Mississauga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto ní Canada. Ó ń bọ́ bàtà yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ni fóònù ẹ̀ dún. Dúrósinmí ló fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Calgary: òun rèé lórí ìlà gígùn nínú òtútù, ó na bírò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Èmi náà ti fọwọ́ sí i o."

Ìwé tó fọwọ́ sí ni èyí tí àwọn kan ń gbé kiri ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí Dúrósinmí ń gbé, pé kí ìjọba ṣètò referendum, kí aráàlú dìbò bóyá kí Alberta kúrò lára Canada tàbí kó dúró. Ìyádùnní ti ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Kò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ náà lè wọ ilé àwọn. Ó pè é lójú ẹsẹ̀.

"Dúrósinmí, ṣé orí ẹ pé? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ jọ búra láti di ọmọ Canada? Ìwọ gan-an lo sunkún lọ́jọ́ náà!"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ mi. Ẹ ò sí níbí, ẹ ò mọ ohun tójú wa ń rí. Àwa là ń wa epo, ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ló ń pàṣẹ lé wa lórí. Ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin niṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ pín ìlú? Bàbá wa ńkọ́?"

Bàbá wọn jẹ́ sójà nígbà tí apá kan Nàìjíríà fẹ́ kúrò, tógun sì bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Nígbà tó padà dé, etí kan ti di, kò sì sọ ohun tójú ẹ̀ rí fẹ́nikẹ́ni títí tó fi kú.

"Ìbọn kọ́ là ń gbé, Àǹtí mi. Bírò la mú dání. Ẹni tó bá ní ká dúró, kóun náà dìbò."

"Má pè mí mọ́," ni Ìyádùnní wí, ó sì pa fóònù.

Dúrósinmí kò pè lóòótọ́. Bí ìyá wọn bá pè láti Ìbàdàn pé kí ló dé tí kò bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, Ìyádùnní á ní shift ló pọ̀. Níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá ti dárúkọ Alberta lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ló máa ń kọ́kọ́ pòṣé. Ó ní aláìmoore ni wọ́n. Ó ní òpè ni wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, òun àti Fareedah tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àti Hafeez jókòó, wọ́n ń jẹun. Ọmọ Ìwó ni Hafeez, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú wọn ni. Ìròyìn tún gbé ọ̀rọ̀ náà jáde.

"Kí wọ́n máa lọ, jàre," ni Hafeez wí. "Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tẹ̀ lé wọn ló tiẹ̀ burú jù. Òpè pátápátá!"

Fareedah rẹ́rìn-ín. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ìyádùnní. Ọ̀rọ̀ tóun fúnra ẹ̀ ti sọ ni, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Hafeez, àbúrò mi wà lára wọn."

"Há, Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò mọ̀…"

"Ọdún méjì ló fi wáṣẹ́ ní Toronto yìí. Enjiníà ni. Páálí ló ń gbé nílé ìkẹ́rù kan ní Vaughan títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi bàjẹ́, orí àga pálọ̀ mi ló ń sùn. Alberta ló fún un níṣẹ́ tó kọ́. Mi ò fara mọ́ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í ṣòpè."

Ó bo oúnjẹ ẹ̀, ó jáde síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sì pe Calgary. Dúrósinmí gbé e kíá.

"Àǹtí mi! Ṣé kò sí o? Ṣé Màámi ni?"

"Màámi wà dáadáa. Sọ fún mi, mi ò ní pariwo. Kí ló dé tó o fọwọ́ sí i?"

Dúrósinmí sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ta ilé, àti bó ṣe dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Lórí ìlà ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Mo fi pásípọ́ọ̀tù hàn án. Ó ṣì ń wò mí títí mo fi kúrò."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kẹ́ ẹ lè ní ó tọ́ sí mi?"

Omi bọ́ lójú Ìyádùnní. Ó mọ̀ pé ohun tóun ìbá sọ gan-an nìyẹn.

"Ṣé o ṣì máa dìbò pé kí wọ́n lọ?"

"Mi ò mọ̀ mọ́. Láàárọ̀ màá ní ká lọ, tó bá dìrọ̀lẹ́ màá ní ká dúró. Ẹ ṣáà má tì mí."

"Mi ò ní tì ẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, ṣé mo máa gba físà kí n tó wá kí ẹ ni?"

"Èmi náà béèrè, Àǹtí mi. Kò sẹ́ni tó rí mi dá lóhùn."

Nígbà tí oòrùn mú, Dúrósinmí wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Toronto. Wọ́n ní àwọn ò ní dárúkọ ìdìbò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dárúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń padà, àríyànjiyàn náà le débi pé Ìyádùnní wa mọ́tò kọjá ibi tó yẹ kó yà sí pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́. Dúrósinmí já báàgì sílẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, Ìyádùnní fà á sókè, ó gbá a mọ́ra.

"Ẹ máa pè mí o, Àǹtí mi. Kó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi ni."

"Màá bú ẹ dáadáa. Sáré, wọn ò ní dúró dè ẹ́."

Ó dúró, ó ń wò ó títí tó fi wọlé, títí ọkùnrin tó ń darí àwọn mọ́tò níbẹ̀ fi na ọwọ́ sí i pé kó máa lọ.